"IN-" KÌ Í ṢE "KÒ" NÍGBÀ GBOGBO

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní SS3, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní SS2, ẹ̀yin àbúrò wa láti JS1 dé SS1, Igun Gẹ̀ẹ́sì tún dé. Ẹni tó bá ń kánjú lọ sí kíláàsì, kó ka ìdajì nísinsìnyí, kó padà wá ka ìyókù nígbà ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan ìdánwò, ó sì kan ẹ̀mí. Nínú láàbù Kẹ́mísírì wa, àwọn ìgò kan wà lórí pẹpẹ tí wọ́n kọ "inflammable" sí lára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa gbé ọ̀kan nínú wọn sókè, ethanol ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Àwọn tó nawọ́ pé "kò lè gbiná" pọ̀ ju àwọn tó nawọ́ pé "ó ń gbiná" lọ. Olùkọ́ wa ò bínú. Wọ́n kàn rọra gbé ìgò náà jìnnà sí iná tó ń jó lórí tábìlì.

Kí ló fà á? Láti JS1 ni wọ́n ti kọ́ wa pé tí "un-", "in-" tàbí "dis-" bá ti wà níwájú ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe nǹkan, "kò" ni ká fi túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà dáa. "Unhappy": inú rẹ̀ ò dùn. "Incorrect": kò tọ̀nà. "Dishonest": kì í ṣe olóòótọ́. Ẹni tó bá di èyí mú á gba ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó gbé aṣọ "kò" wọ̀ tí kò sì sí "kò" kankan nínú wọn. Àwọn míì ní "kò" nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ̀ yàtọ̀ sí ohun tá a rò. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni WAEC àti JAMB máa ń fi wá wa kiri nígbà tí wọ́n bá ní ká mú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òdìkejì.

TIWA NÁÀ NÍ I

Kò yẹ kí nǹkan yìí ṣòro fún ọmọ Yorùbá rárá. Àwa náà ní irú rẹ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni olùkọ́ Yorùbá wa ń pè é. "Àì-" ló gbajúmọ̀ jù. Láti ara "gbọ́ràn" la ti rí "àìgbọràn" àti "aláìgbọràn", òun ni "disobedient". Láti ara "moore" la ti rí "àìmoore" àti "aláìmoore", òun ni "ungrateful". Títí débẹ̀, kò sí wàhálà.

Ẹ wá wo "àìmọye". Tí mo bá ní àìmọye èèyàn ló wá síbi ayẹyẹ ìparí ọdún, ṣé ẹnì kan á rò pé èèyàn ò wá? Rárá o. Gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n pọ̀ débi pé a ò mọ iye wọn ni. "Innumerable" ti Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí gẹ́lẹ́. Síbẹ̀, tí wọ́n bá béèrè òdìkejì rẹ̀, ẹlòmíì á mú "many", torí ó ti rí "in-", ó sì rò pé "díẹ̀" ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. "Few" ni òdìkejì rẹ̀. Ẹ tún wo "aláìlẹ́gbẹ́". "Àì" wà nínú rẹ̀ kedere, oríyìn gidi sì ni. Nítorí náà, tí "kò" bá wà nínú ọ̀rọ̀, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà burú tàbí pé ohun tó ń sọ kéré.

IBI TÍ WỌ́N TI WÁ

Àwọn àfòmọ́ Gẹ̀ẹ́sì yìí ò wá láti ilé kan náà. "Un-" ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn láti àtijọ́. "In-", "dis-" àti "non-" wá láti èdè Látìnì. "A-" tó wà nínú "amoral" àti "atypical" wá láti èdè Gíríìkì. Nígbà míì wọ́n máa ń pàdé nínú ẹbí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "unjust" là ń sọ, àmọ́ "injustice" ni, "unable" là ń sọ, àmọ́ "inability" ni, "unequal" là ń sọ, àmọ́ "inequality" ni. Ẹ̀yin àbúrò mi, kò sí ọgbọ́n kan tó lè ṣí gbogbo rẹ̀. Ńṣe lẹ máa kọ́ wọn ní méjì-méjì.

"In-" tún máa ń pa àwọ̀ dà. Tó bá pàdé "p", "b" tàbí "m", á di "im-": "impatient", "imbalanced", "immature". Tó bá pàdé "l", á di "il-": "illegal", "illiterate". Tó bá pàdé "r", á di "ir-": "irregular", "irresponsible". Ẹ má jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu, ẹnu tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ sọ "ó ń lọ", kí ẹ tún sọ "ó ń bọ̀". Nínú ìkejì yẹn, ètè yín ti pa dé kí ẹ tó dé orí "b", ìró "m" ló sì jáde. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, "mbọ̀" ni wọ́n kọ sílẹ̀, bí etí ṣe gbọ́ ọ. Ẹnu ló ń wá ọ̀nà tó rọrùn. Ohun tí àwọn tó ń sọ Látìnì ṣe náà nìyẹn.

"IN-" TÍ KÒ SÍ "KÒ" NÍNÚ RẸ̀

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìgò wa. Látìnì ní "in-" méjì tí ojú wọn jọra. Èkíní túmọ̀ sí "kò". Èkejì túmọ̀ sí "sínú", "nínú" tàbí "sórí". Àwa ní àmì ohùn tó ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú rẹ̀, ìyẹn ló fi di pé ojú lásán ò lè dá "in-" méjèèjì mọ̀.

"In-" kejì yìí ló wà nínú "inflame", tó túmọ̀ sí pé kí a dáná sí nǹkan. Láti ibẹ̀ ni "inflammable" ti jáde: ohun tí iná lè ràn, ohun tó tètè ń gbiná. "Inflammable" àti "flammable", ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tó túmọ̀ sí pé kò lè gbiná ni "non-flammable". Àwọn òyìnbó pàápàá rí i pé ọ̀rọ̀ yìí lè pààyàn. Láti bí ọdún 1920 síwájú ni àwọn tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ iná ní Amẹ́ríkà ti ń rọ àwọn iléeṣẹ́ pé "flammable" ni kí wọ́n máa kọ sára nǹkan. Nígbà tó di 1959, British Standards Institution náà gba irú ìmọ̀ràn yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ "inflammable" ò tíì kúrò nílẹ̀. Ó wà lára àwọn ìgò láàbù wa, ó sì wà lẹ́yìn àwọn tánkà epo tó ń kọjá ní títì. Ẹni tó bá rí i lára tánkà tí epo ń jò lára rẹ̀, kó má dúró ṣe gírámà o. Kó sá.

Àwọn ọ̀rọ̀ míì wà tí "in-" wọn kì í ṣe "kò". Ẹni tó bá jẹ́ "indebted", ó jẹ gbèsè, tàbí ó jẹ ẹnì kan lọ́pẹ́. Tó bá jẹ́ pé "kò" ni "in-" ibẹ̀, gbogbo onígbèsè á ti bọ́. Ohun tó bá jẹ́ "inborn", wọ́n bí i mọ́ni ni. Ẹni tí wọ́n bá sì pè ní "ingenious", orí rẹ̀ pé, ó mọ bí a ti ń dá ọgbọ́n sí nǹkan. Kó dúpẹ́, wọn ò bú u.

Ẹ LO "ṢEÉ"

Ọ̀rọ̀ tó ń da àwa SS2 láàmú jù ni "invaluable". A mọ̀ pé "valuable" ni ohun tó níye lórí, a wá fò mọ́ ọn pé "invaluable" ni ohun tí kò níye lórí. Ẹ tú u palẹ̀ wò. "In-" ni "kò". "Value" ni díye lé nǹkan. "-Able" ni "ṣeé". Ẹ tò wọ́n pọ̀: kò ṣeé díye lé. Ṣé ẹ rí i? Tí Yorùbá bá ní ìyá ò ṣeé fowó rà, ṣé ìyá ti di yẹpẹrẹ nìyẹn? Iye rẹ̀ ga kọjá ohun tí owó lè ká ni. Tí olùkọ́ bá kọ "invaluable" sínú ìwé ẹ̀rí rẹ nígbà tó o bá ń jáde, lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, tàbí kó o kúnlẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni "worthless" tàbí "useless".

"Priceless" náà ò jìnnà síbẹ̀, bí "kò" tirẹ̀ tiẹ̀ wà lẹ́yìn: kò sí iye tá a lè pè é. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, "-less" kan náà ló wà nínú "worthless", ọ̀tun àti òsì sì ni ìtumọ̀ wọn. Ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kọ̀ ló yàtọ̀. Ọ̀kan kọ iye owó, èkejì kọ ìwúlò.

Bí "infamous" náà ṣe rí nìyẹn. "Famous" ni olókìkí. Ẹni tó jẹ́ "infamous", òkìkí rẹ̀ kàn dáadáa, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, ìwà ibi ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Òkìkí kọ́ ni "in-" yẹn mú kúrò, orúkọ rere ni. Ẹni tí kò lókìkí ni "unknown" tàbí "obscure". Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka ọ̀rọ̀ ìdágbére lọ́dún yìí, tẹ́ ẹ bá kọ "our infamous principal" nítorí pé ẹ fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì yín wúwo, èébú lẹ kà sí ọ̀gá létí níwájú àwọn òbí.

"Indifferent" náà, kì í ṣe òdìkejì "different". Ẹni tó jẹ́ "indifferent" ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ò tu irun kan lára rẹ̀. Bó lọ sọ́tùn-ún, bó lọ sósì, kò kàn án.

ÀWỌN TÓ JỌRA TÍ WỌN Ò DỌ́GBA

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Green House àti Yellow House fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Irú rẹfirí wo la fẹ́? A fẹ́ ẹni tó jẹ́ "disinterested": kò sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa jẹ níbẹ̀, kò sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, kò ní ṣe ojúsàájú. A ò fẹ́ ẹni tó jẹ́ "uninterested": ìyẹn ni ẹni tí eré náà ò wù rárá, tó ń yán nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù níwájú rẹ̀. Àwọn tó ni èdè pàápàá ń da méjèèjì pọ̀ báyìí, àmọ́ ìdánwò ṣì ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹni tó jẹ́ "unqualified", kò kájú òṣùwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kò níwèé ẹ̀rí. Ẹni tí wọ́n bá kà sí "disqualified", ó ti wọlé tẹ́lẹ̀, òfin ló yọ ọ́ jáde, bíi sáré-sáré tó kó sórí ìlà ẹlòmíì. Nǹkan tó jẹ́ "unused", a ò tíì lò ó. Èyí tó jẹ́ "disused", a lò ó rí, a ti pa á tì, bíi kànga àtijọ́ tí omi ẹ̀rọ dé tá a fi gbàgbé rẹ̀. Ẹ wo bí "dis-" ṣe sábà máa ń sọ pé nǹkan náà ti wà níbẹ̀ kó tó kúrò.

"Unqualified" tún ní ìtumọ̀ kejì tó máa ń jáde nínú ìwé ìròyìn. "Unqualified support" ni àtìlẹ́yìn tí kò sí "àmọ́" kankan nínú rẹ̀, àtìlẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó bá ka ìròyìn náà tó rò pé àwọn tí kò kàwé ló ń ṣàtìlẹ́yìn, ìtàn míì ló kà.

Ìkẹyìn ni "immoral" àti "amoral". Ẹni tó mọ ohun tó tọ́ tó sì ń ṣe ìbàjẹ́, "immoral" ni. "Amoral" ni ẹni tàbí ohun tí ọ̀rọ̀ ìwà rere àti ìwà búburú ò kàn rárá. Ewúrẹ́ tó wọ oko ìyá àgbà tó jẹ èwe ẹ̀gẹ́ wọn, "amoral" ni. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn oko fún un, ẹ ti mọ orúkọ tirẹ̀.

"KÒ BURÚ" ÀTI "Ó DÁRA"

Tí wọ́n bá béèrè pé "Báwo ni ìdánwò?", tó o dáhùn pé "Kò burú", ṣé o sọ pé ó dára ni? Rárá. O sọ pé ó ṣeé fara mọ́. Àárín wà láàárín dídára àti bíburú, ibẹ̀ lo sì dúró sí. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú àárín bẹ́ẹ̀. "He was not unwilling" ò sọ pé ọkùnrin náà ń sáré láti ṣe nǹkan náà. Ó kàn sọ pé kò kọ̀. Tí wọ́n bá fi irú gbólóhùn yìí sínú àyọkà, tẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sínú summary pé "he was eager", ẹ ti sọ ju ohun tí òǹkọ̀wé sọ lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan ò sì ní àárín. Ohun tí òfin bá ti dá sí, "legal" ni tàbí "illegal". Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí "kò" méjì nínú gbólóhùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àárín wà.

OHÙN LẸ́NU

Èyí wà fún àwọn tó ń múra Test of Orals. Nígbà tí "in-" bá wọlé, ó sábà máa ń jẹ́ kí ìtẹnumọ́ wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀: POSsible, imPOSsible, VALuable, inVALuable. Àmọ́ àwọn kan wà tó máa ń gba ìtẹnumọ́ náà mọ́ ara wọn: FAmous, ṣùgbọ́n INfamous, POtent, ṣùgbọ́n IMpotent, FInite, ṣùgbọ́n INfinite. Ẹ má pe "infamous" bí ìgbà tẹ́ ẹ kàn so "in" mọ́ "famous". "Fa" ibẹ̀ ti rọ̀, ẹ kàn gbà á kọjá ni.

OHUN MẸ́TA LÁTI BÉÈRÈ

Tẹ́ ẹ bá pàdé irú ọ̀rọ̀ yìí tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ béèrè ohun mẹ́ta.

Èkíní: tí mo bá yọ àfòmọ́ kúrò, ṣé ohun tó kù lè dá dúró? Nínú "uncouth", "unkempt", "inept" àti "disgruntled", ohun tó kù kì í dá rìn nínú Gẹ̀ẹ́sì tá à ń kọ lónìí. Ẹ kọ́ irú wọn lódindi.

Èkejì: kí gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń kọ̀? Ṣé iye owó ni àbí ìwúlò? Ṣé òkìkí ni àbí orúkọ rere? Ṣé "kò" tiẹ̀ ni, àbí "sínú"?

Ẹ̀kẹta: nínú gbólóhùn tó wà yìí, ṣé wọ́n ń yin nǹkan náà ni àbí wọ́n ń bú u? Gbólóhùn á máa tọ́ ọ sọ́nà ju àfòmọ́ lọ.

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe UTME gbọ́dọ̀ ṣe, ì báà jẹ́ òfin ló fẹ́ kọ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, ìbéèrè 60 ló sì ní. Máàkì kan tó bá bọ́ lọ́wọ́ nítorí "invaluable" lè jẹ́ máàkì tó kù.

Ẹ DÁNRA WÒ

1. "Her advice was invaluable." Èwo ni òdìkejì: costly, useless, precious tàbí rare?
2. Ẹjọ́ wà nílé ẹjọ́. Ṣé adájọ́ tó jẹ́ "disinterested" lẹ fẹ́ ni, àbí "uninterested"?
3. Wọ́n kọ "inflammable" sára kẹ́ẹ̀gì kan. Ṣé ẹ lè dáná ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?
4. "The infamous robber was caught." Èwo ló sún mọ́ ọn jù: unknown, notorious, young tàbí brave?
5. Níbo ni ìtẹnumọ́ wà nínú "infinite"?

Ìdáhùn rèé, ẹ fi ọwọ́ bò ó ná: ìkíní, useless. Ìkejì, disinterested. Ìkẹta, ẹ má dán an wò. Ìkẹrin, notorious. Ìkarùn-ún, orí "in".

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ míì tó ń tan èèyàn jẹ báyìí, kó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kó fi orúkọ àti kíláàsì rẹ̀ sí i, kó jù ú sínú àpótí Press Club lẹ́nu ọ̀nà láíbìrì. Èyí tó bá dáa jù lọ á jáde lórí pátákó yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.